Àmì Tó Kù Lórí Ilé Sinimá Bàbá

1

…tó fi jẹ́ pé nígbà tí Àwáwù máa débẹ̀, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ilé sinimá bàbá rẹ̀. Ọ̀dà náà kò tíì gbẹ. Ó fìka kàn án, ó nù ún mọ́ ìró. Ẹni tó kọ ọ́ kò tíì jìnnà nìyẹn. Ọlọ́kadà méjì wà lábẹ́ igi lódìkejì títì, àwọn méjèèjì sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà. Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan náà?

2

WO ILE YII

3

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Àwáwù fi kọ́ àwọn ọmọ Ẹdẹ ní Yorùbá kó tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ tó bá gbàgbé àmì ohùn, máàkì méjì lọ nìyẹn, kò sì sí ẹ̀bẹ̀.

*Wó ilé*: fa àmì sókè, ilé lulẹ̀.

*Wo ilé*: má fi nǹkan kan sí i, ojú lásán ni wọ́n máa fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fàmì sórí ọ̀rọ̀ kankan rárá, èwo ló ń sọ? Ọ̀dájú lẹni yẹn. Ó mọ ohun tó ń ṣe.

4

ÌWÉ TÍ Ọ́FÍÌSÌ ÌJỌBA ÌBÍLẸ̀ FI RÁNṢẸ́

*Sí ẹbí olóògbé Àlàájì Bùràímọ̀. A ti rí ìpinnu ìpàdé yín gbà, èyí tí ẹ kọ báyìí pé: "A fenu ko pe ki won wo ile sinima baba wa." Gbogbo yín lẹ fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá ní àtúnṣe, ẹ mú un wá kó tó di aago méjì ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, katapílà máa dé lọ́jọ́ Ajé.*

5

FÓÒNÙ, ỌJỌ́ ÌṢẸ́GUN
(Àwáwù gbà á sílẹ̀. Kò sọ fún àbúrò rẹ̀.)

ÀWÁWÙ: Mansur, ta ló kọ ìwé ìpàdé yẹn?

MANSUR: Àǹtí mi, ẹ káàárọ̀ náà.

ÀWÁWÙ: Ta ló kọ ọ́?

MANSUR: Ṣebí ẹ wà níbẹ̀. Ẹ fọwọ́ sí i.

ÀWÁWÙ: Mo fọwọ́ sí i pé kí ẹ́ńjiníà wá wo ilé.

MANSUR: Ẹ́ńjiníà ti wò ó kí a tó ṣèpàdé. Kí ló tún fẹ́ wò?

ÀWÁWÙ: Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ yẹn?

MANSUR: Tẹlifíṣọ̀n ni, mà.

6

ÀWỌN TÍ ÀWÁWÙ FURA SÍ

Mansur. Ó ti ra bàtà tuntun.

Ọ̀gá tó wá láti Òṣogbo, tó ń wá ilẹ̀ ilé epo. Ó fẹsẹ̀ wọn ibẹ̀ láti ojú títì dé ẹ̀yìnkùlé, ó ní òun kàn ń nasẹ̀ ni.

Labeebah, ọmọ Mansur, tí kì í fàmì sórí nǹkan kan nínú fóònù.

Ọlọ́kadà méjèèjì.

Àwọn àdán inú òrùlé. (Ó fa ilà pa èyí rẹ́. Ó tún un kọ.)

7

ÀTẸ̀JÍṢẸ́ LABEEBAH

*Mama e ma binu. Ogiri apa osi ti san gan. Awon omo ileewe n gba egbe e koja lojoojumo. E lo wo o funra yin*

Àwáwù kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ wò ó? Àbí lọ wó o?

8

Ó lọ.

Òórùn àdán ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Ibẹ̀ làwọn eléré orí ìtàgé ti máa ń ṣeré kí bàbá tó ra ẹ̀rọ sinimá. Bàbá á gbé Àwáwù kékeré sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá, á ní kó má wo àwòrán, kó wo ìmọ́lẹ̀ tó ń kọjá lórí àwọn èèyàn.

Ògiri náà sán lóòótọ́. Ọwọ́ rẹ̀ wọ inú rẹ̀ dé ìgúnpá. Eruku funfun wà nísàlẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀. Àbí ẹnìkan ló ń gbẹ́ ẹ? Ó bu díẹ̀ sínú ọ̀rá, ó dì í.

Níta, àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá. Ọ̀kan nínú wọn ń fi rúlà fa ara ògiri bó ṣe ń lọ. Òkúta kan já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kò mọ̀.

Ẹ̀rù ba Àwáwù. Inú bí i pé ẹ̀rù bà á.

9

ALẸ́ ỌJỌ́RÚ, NÍLÉ ÀWÁWÙ

(Ó ní kí Labeebah gbé ìwé ìpàdé wá, kí òun lè mọ ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́.)

LABEEBAH: Ẹ gbà, Mama.

ÀWÁWÙ: Ọwọ́ ta nìyí?

LABEEBAH: Ẹ wò ó dáadáa ná, mà.

ÀWÁWÙ: Mo ní ọwọ́ ta nìyí?

LABEEBAH: Ọwọ́ yín ni, mà. Ẹ ní kò sẹ́ni tó lè kọ Yorùbá tó gún nílé yìí, lẹ bá gba bírò. Ìgbà tí wọ́n pe ìrun àlàásárì, lẹ yára parí ẹ̀.

10

Kò rántí èyí tó ní lọ́kàn.

Ó rántí pé òun sunkún nígbà tí òun ń kọ ọ́. Èwo lẹkún nínú kí ẹ́ńjiníà wá fojú wo ilé?

11

Ọ́FÍÌSÌ, ỌJỌ́BỌ̀, AAGO MÉJÌ KU ÌṢẸ́JÚ MẸ́WÀÁ

AKỌ̀WÉ: Mama, ẹ kàn fàmì sí i. Ohun tẹ́ ẹ bá fi sí i la máa tẹ̀ lé.

ÀWÁWÙ: Kí ló dé tí ẹ fi gbà bẹ́ẹ̀ kíá?

AKỌ̀WÉ: Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní kíláàsì kẹta, mà.

Ó wò ó títí. Kò rántí ojú rẹ̀.

12

Ó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Ọ̀dà pupa ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó fàmì sórí *kò*, sórí *pé*, sórí *kí*, sórí *wọ́n*. Ó fo ọ̀kan. Ó fàmì sórí *ilé*, sórí *sinimá*, sórí *bàbá*.

A fẹnu kò pé kí wọ́n wo ilé sinimá bàbá wa.

Ó ti pé báyìí. Bó bá gbé bírò kúrò, ilé bàbá rẹ̀ dúró, tòun ti ògiri apá òsì. Bó bá fa ilà kékeré kan sí i, ó parí.

AKỌ̀WÉ: Mama, ó ku ọ̀kan.

Aago méjì lù. Àwọn ọmọ iléèwé ti ń jáde. Bírò náà kò tíì kúrò lórí *o*.