Tábìlì fún Yàrá Kọ̀ǹpútà

Ìyá Kọ̀ǹpútà ni àwọn ọmọ iléèwé ń pe ìyàwó káfíńtà, olùkọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ iléèwé náà kò ní kọ̀ǹpútà kankan. Ojú pátákó ló ti ń kọ́ wọn ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Á ní kí ọmọ kan máa pàṣẹ, kí èkejì máa ṣe ohun tó gbọ́ gẹ́lẹ́, kí àwọn yòókù wá ibi tí àṣẹ náà ti wọ́. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Kò sí ìpàdé òbí tí kì í dìde sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká wá ẹ̀rọ fún àwọn ọmọ yìí. Ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́."

Bàbá kan dá a lóhùn pé, "Olùkọ́, òrùlé ń jò, kọ̀ǹpútà lẹ̀ ń sọ!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n délé, ọkọ rẹ̀ bi í pé, "Ṣé ẹnu ò rẹ̀ ẹ́ ni?"

"Bàbá ọmọ mi, tí ẹnu bá rẹ̀ mí, kí ni màá fi jẹun?"

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé olùkọ́ náà ṣánlẹ̀ ní kíláàsì. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ilẹ̀ sàréè rẹ̀ kò tíì gbẹ tí kọ̀ǹpútà fi dé. Àwọn ọmọ tó ti kọ́ rí, tí òun fúnra rẹ̀ máa ń pè lórí fóònù láti bẹ̀, ni wọ́n dáwó jọ rà á. Ọ̀gá iléèwé wá bá káfíńtà ní ṣọ́ọ̀bù pé kó bá àwọn ṣe tábìlì tí wọn yóò gbé e lé. Ó kàn án. Ó fá igi náà títí ó fi ń dán, ó tún ń fá a.

Àbúrò rẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti tó."

"Kò tíì tó."

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí yàrá náà, àwọn ọmọ pariwo ayọ̀, wọ́n ń tẹ ibi tó wù wọ́n. Láàárín wọn, ọmọbìnrin káfíńtà nìkan ló káwọ́ lé itan. Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Bàbá, ṣé Màmá mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ti dé?"

Ó fẹ́ sọ pé Màmá ń wò wọ́n látọ̀run. Ṣùgbọ́n ó yí i padà.

"Kò mọ̀, ọmọ mi."

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Bàbá tí kò sunkún lójú sàréè, ó sunkún níbẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ó fà á lọ́wọ́, wọ́n lọ sílé.

Ọjọ́ mìíràn, láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ni ọmọ náà tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Bàbá rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, ó ń rẹ́ igi fún iṣẹ́ mìíràn.