Òòlù Lórí Ẹ́ńjìnnì Wẹ́dà

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, ẹ sún mọ́ ibí. Ẹni tó bá ń kánjú, kó máa lọ. Mọ́tò ló wà nínú ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni mo máa fi rìn ín. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tó fi ẹnu ara rẹ̀ gbẹ́ kòtò, tí àna rẹ̀ sì dúró tì í, tó ń bá a kó yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́nà.

Wẹ́dà ni wọ́n ń pè é, nítorí iṣẹ́ irin jíjó ló ń ṣe. Ọdún márùn-ún gbáko ló fi to ẹ́ńjìnnì oní-dísẹ̀lì kan sínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀. Kò sí páìpù kan níbẹ̀ tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló jó o. Bí ìyàwó rẹ̀ bá gbé oúnjẹ kalẹ̀ nílé, obìnrin náà á ní, "Ẹ pe orogún mi tó wà nínú ọkọ̀ yẹn kó wá jẹun o."

Lọ́sàn-án Sátidé, àwọn tí ọ̀rọ̀ mọ́tò ń pa bí ọtí máa ń pàdé ní ọgbà iṣẹ́ rẹ̀. Àríyànjiyàn wọn kò ju ẹyọ kan lọ: tọ́ọ̀kù ni àbí họ́sípáwà? Tọ́ọ̀kù ni ipá tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí ọ̀pá inú rẹ̀. Họ́sípáwà ni ipá yẹn pẹ̀lú bó ṣe ń yára yí i tó. Ẹ́ńjìnnì Wẹ́dà ní tọ́ọ̀kù bí erin, àmọ́ kì í yára. Télọ̀ wà níbẹ̀ náà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Mọ́tò kékeré oní-pẹtiróòlù ni tirẹ̀, ó ń han bíi yànmùyánmú, họ́sípáwà rẹ̀ sì ju ti Wẹ́dà lọ fíìfíì.

"Ìyẹn náà ni mọ́tò?" Wẹ́dà á ní. "Ẹ̀rọ ìránṣọ lo so táyà mọ́ nídìí. Kó fa ẹrù kí n rí!"

Télọ̀ ti gbìyànjú ẹ̀ rí. Wọ́n so kẹ̀kẹ́ ẹrù tó kún fún búlọ́ọ̀kù mọ́ mọ́tò rẹ̀ nídìí, ní ẹsẹ̀ òkè tó wà lẹ́yìn ọgbà. Kò gùn ún dé ìdajì tó fi kú, tó ń rùn bí ìwo tó jóná. Wẹ́dà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹnìkan wà láàárín wọn tí kì í rẹ́rìn-ín. Àbúrò ìyàwó Wẹ́dà ni. Gíà mọ́tò ló ń tún ṣe, Onígíà ni wọ́n ń pè é. Ibi tí èèyàn méjì bá ti pé ni Wẹ́dà ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Àna mi, akaye-eyín-irin! Bí ẹ́ńjìnnì ò bá lágbára, kí ni gíà fẹ́ ṣe sí i?"

"Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n," Onígíà á dáhùn, á sì máa fi àkísà nu ọwọ́. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ mì, kì í ṣe pé kò léyín ni.

Ní Sátidé kan, òun ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá pààrọ̀ gíà ìdí mọ́tò Télọ̀ ńkọ́, tí n ò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì ẹ̀?"

"Pààrọ̀ ẹ̀! Kó gbogbo eyín tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ sí i!"

"Ó lè yá ju tiyín lọ lórí òkè yẹn o."

"Ṣé orí ẹ ń jò ni?"

"Ó dáa. Kí la máa fi ta tẹ́tẹ́ ẹ̀?"

Ọlọ́gbọ́n ì bá ti bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó mú odi sọ̀rọ̀. Wẹ́dà lu àyà. "Ẹni tí tiẹ̀ bá pẹ́ jù, òun fúnra ẹ̀ ló máa fi òòlù fọ́ ẹ́ńjìnnì ẹ̀, lójú gbogbo wa. Kò sí ẹ̀bẹ̀!"

Télọ̀ ní òun ò ṣe. Onígíà tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, ó ní, "Gbà." Télọ̀ gbà.

Ohun tí Wẹ́dà kò rò ni pé gíà a máa bí tọ́ọ̀kù. Ẹ́ńjìnnì tó mọ̀ ọ́n sá, ẹ jẹ́ kó yí lọ́pọ̀ ìgbà kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó rí i pé ìyára náà á di ipá. Onígíà mọ èyí bí ẹni mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Ó lè sọ ọ́. Kò sọ ọ́. Ó kàn pààrọ̀ gíà ìdí mọ́tò Télọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ náà.

Ní Sátidé kejì, Wẹ́dà ló kọ́kọ́ fa kẹ̀kẹ́ ẹrù náà gun òkè. Ọkọ̀ rẹ̀ ń kùn, kò mì, kò dúró. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ló fi dé orí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń gba ọwọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Wọ́n so kẹ̀kẹ́ ẹrù kan náà mọ́ ti Télọ̀. Mọ́tò náà han gooro, ó gbá òkè mú, ó ń lọ. Ẹ̀rín dúró lójú Wẹ́dà bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn. Ìṣẹ́jú kan kò tíì pé tí Télọ̀ fi dé orí.

"Ẹ tún aago yẹn wò," Wẹ́dà ní. Wọ́n tún un wò.

Onígíà fi ọwọ́ méjèèjì gbé òòlù ńlá fún un, bí ọmọ tó mọ ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ dé etí ètè Wẹ́dà, ó rántí ẹni tó fòfin dè é, ó gbé e mì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ṣeré," Télọ̀ ní.

"Ta ló ní kò sí ẹ̀bẹ̀?" Onígíà bi í. "Èmi ni, àbí ẹ̀gbọ́n mi?"

Wẹ́dà ṣí ìbòrí iwájú ọkọ̀, ó lu ẹ́ńjìnnì náà fẹ́rẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ìdérí nìyẹn. Wọ́n ń ta ìdérí." Onígíà na ìka, ohùn rẹ̀ tutù bíi ti tíṣà. "Ibí ni. Ara ẹ̀ gan-an."

Wẹ́dà lù ú. Irin náà ké, ó sán, omi àti epo dà pọ̀ sórí bàtà rẹ̀. Ó fẹ́ gbé òòlù náà sílẹ̀. Onígíà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka tọ ojú ibi tó sán náà.

"Wẹ́dà kúkú ni yín, ẹ ó jó èyí padà lọ́la. Ẹ tún un lù."

Ó tún un lù. Ó lù ú títí kò fi sí ojú ibi tí iná wẹ́dà kankan lè dì mọ́, títí apá rẹ̀ fi kọ̀ láti gòkè. Onígíà gba òòlù náà, ó nù ún, ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nílé."

Télọ̀ ló sọ ọ́ fún mi, nígbà tó ń wọn ìbàdí mi fún ṣòkòtò. Mo bi í bóyá inú rẹ̀ dùn pé òun ló yege. Ó ní òun ò tíì wa mọ́tò náà gun òkè kankan látọjọ́ yẹn, ó wá ní kí n yí ẹ̀yìn padà, kí òun wọn gígùn ẹsẹ̀.