Àga Karùn-ún

Àga márùn-ún ni wọ́n kàn mọ́lẹ̀ yí tábìlì náà ká. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n jọ wá jẹun. Kí Gek Suan tó jókòó, ó yọ àpò tíṣù kan nínú báàgì rẹ̀, ó sì gbé e lé àga karùn-ún. Kò sí ẹni tó ń jẹun ní gbọ̀ngàn olóúnjẹ yẹn tí kò mọ òfin rẹ̀: àga tí tíṣù bá wà lórí rẹ̀ ti ní ẹni tó ni ín. Ebi lè máa pa ènìyàn bí ẹni máa kú, abọ́ ọbẹ̀ lè máa jó o lọ́wọ́, yóò wo tíṣù náà, yóò sì kọjá lọ. Àwọn tó ń nu tábìlì pàápàá kì í fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń nù.

"Ta là ń dúró dè?" Ìyá Jia Rong béèrè. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá Gek Suan ni, obìnrin tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá gún má baà rí ẹ̀sùn kà sí i lẹ́sẹ̀.

"Màmá àgbà ni."

Bàbá Jia Rong ń fi tíṣù nu igi ìjẹun rẹ̀, igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ, kò gbójú sókè. "Màmá wà lẹ́nu iṣẹ́. O ò rí wọn ni?"

Ó rí i. Nítòsí ìsọ̀ olómi ìrèké, arúgbó obìnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, nínú ẹ̀wù iṣẹ́ aláwọ̀ ewé tó tóbi jù ú lọ, ń ti kẹ̀kẹ́ abọ́ bọ̀ láàárín àwọn tábìlì. Òun ló bí Bàbá Jia Rong. Òun náà ló bí bàbá Gek Suan, tó jókòó síbẹ̀ tó tẹjú mọ́ ẹja lílọ̀ tí wọ́n ṣù róbótó sínú abọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ jí i.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, Ìyá àgbà kó kúrò nílé ara rẹ̀ wá sílé àkọ́bí rẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ. Kò pé oṣù mẹ́ta tí Ìyá Jia Rong fi ṣàwárí pé kò yẹ kí arúgbó máa jókòó sílé látàárọ̀ dalẹ́, nítorí pé ọpọlọ rẹ̀ yóò kú. Oníṣègùn kan ló sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí oníṣègùn náà sọ ni pé kí àwọn arúgbó máa rìn nínú ọgbà, kí wọ́n sì máa bá ẹgbẹ́ wọn ta ayò. Ohun tí Bàbá Jia Rong rí fún ìyá rẹ̀ ni àkísà àti kẹ̀kẹ́ abọ́, láti aago méje àárọ̀ di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Eré ìdárayá ni wọ́n ń pè é nínú ilé. Lọ́jọ́ Àìkú, wọn a sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun, wọn a sì yan tábìlì tó jìnnà sí ibi tí eré ìdárayá náà ti ń lọ lọ́wọ́.

Gek Suan kò bá wọn wí rí. Ọdún méjì yẹn gan-an ló fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì, ó sì máa ń rí ìdí fún dídákẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ìdánwò ni, òjò ni, orí fífọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ Ìyá àgbà ló tọ́ ọ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Nísinsìnyí ìwé ti parí, àwáwí sì ti tán. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ lọ́jọ́ náà: kí Ìyá àgbà jókòó, kí ó jẹun pẹ̀lú àwọn ọmọ tó bí, ní gbangba, níbi tó ti ń nu ìdọ̀tí ẹni ẹlẹ́ni. Ó ti ra abọ́ karùn-ún sílẹ̀: núdù ẹlẹ́ja, ọbẹ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀, láìsí ewé àlùbọ́sà, bí arúgbó náà ṣe ń fẹ́ ẹ.

"Wọn kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ jókòó," Bàbá Jia Rong wí.

"Ẹ ti bi wọ́n rí, sà?"

"Wò ó, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba digíríì," Ìyá Jia Rong rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti kọ́ ọ ní ìbéèrè bíbi. Má fi ìyẹn pa wá lẹ́bi o. Ẹ tiẹ̀ jẹ́ ká da ọbẹ̀ díẹ̀ sórí tábìlì, kí eré ìdárayá Màmá má baà dínkù."

Bàbá Gek Suan rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì dákẹ́ lójijì, bí ẹni tó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ nínú òkùnkùn. "Gek Suan, jọ̀ọ́," ó wí. "Pè wá ká jẹun."

Àṣà ìdílé wọn ni. Ọmọ tó kéré jù lọ ní ìdí oúnjẹ ni yóò pe àgbà kọ̀ọ̀kan jẹun, láti orí ẹni tó dàgbà jù lọ wá sílẹ̀; kó tó pè wọ́n tán, igi ìjẹun ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abọ́. Bí ó bá sì fo ẹni òkè kó tó pe ẹni ìsàlẹ̀, àbùkù ńlá ni. Ìyá àgbà ló kọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Tó bá ṣì í pè, arúgbó náà a rọra fi igi ìjẹun kan ìka rẹ̀, a ní kó tún un pè láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ẹni tó dàgbà jù ni mo máa kọ́kọ́ pè," Gek Suan wí.

"Èmi nìyẹn," Bàbá Jia Rong dáhùn. "Ṣe wéré, núdù ń gan."

"Ẹ̀yin kọ́, sà."

Ó dìde. Kò pariwo, ó kàn gbé ohùn rẹ̀ sókè tó bí ogójì ẹsẹ̀ tó wà láàárín òun àti arúgbó náà ṣe jìn tó. Ní èdè Teochew, èdè Ṣáínà tí wọ́n fi tọ́ ọ, èdè tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í gbọ́ mọ́, ó wí pé, "Màmá àgbà, ẹ wá jẹun."

Tábìlì bíi mẹ́fà yíjú padà. Kẹ̀kẹ́ abọ́ dúró. Ìyá Jia Rong pa ẹ̀rín rẹ̀ mọ́, bí ẹni ká aṣọ.

Ọ̀gbẹ́ni Selvam, ọ̀gá àwọn tó ń nu tábìlì, wà nítòsí arúgbó náà. Ogún ọdún láàárín àwọn olóúnjẹ ti fi Teochew sí i létí. Ó wo Gek Suan tó ti ń rìn bọ̀, ó wo arúgbó náà.

"Ìyá, àwọn yẹn ń pè yín. Ẹbí yín ni?" Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ẹ ò bímọ. Kì í ṣe ẹjọ́ o. Tó bá jẹ́ ẹbí yín ni, ẹ lọ jókòó, ẹ jẹun. Màá bá yín ti kẹ̀kẹ́ yìí."

Gek Suan gbọ́ ọ yékéyéké, nítorí ó ti dé iwájú wọn. Inú rẹ̀ dùn fún ìwọ̀nba ìgbà tí ènìyàn fi ń mí ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ló rí ibi tí Ìyá àgbà ń wò. Òun kọ́ ló ń wò. Ó ń wo àkọ́bí rẹ̀ lókèèrè, ẹni tó ti da orí kodò sínú abọ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó já bọ́ síbẹ̀.

"Rárá o, ọ̀gá," Ìyá àgbà wí. "Ojú ló tàn án. Mi ò bí ẹnì kankan." Ó wá kọjú sí ọmọ tó tọ́. "Arábìnrin, ẹ máa lọ jẹun yín, kó má tutù."

Ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Gek Suan dúró síbẹ̀. Ó ti ṣírò ohun gbogbo: ojú tó máa ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ẹnu ìyàwó rẹ̀ tó máa wọhò, ohun tí bàbá òun máa rí wí. Ohun tí kò ṣírò ni pé arúgbó náà ti kọ́kọ́ rí ìtìjú ọmọ rẹ̀, ó sì ti fi pípe ara rẹ̀ ní àgàn bò ó mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ tó ti gba àkísà. Òun sì ti fa ìbòrí náà ya níwájú ọ̀gá rẹ̀, ní orúkọ ìfẹ́, ní ọ̀sán gangan.

Ó padà sí ìdí tábìlì. Ẹnikẹ́ni kò tíì jẹun. Bàbá Jia Rong ṣì ń dúró kí wọ́n pè é.

"Ó yá," ó wí, ohùn rẹ̀ sì tutù bí ti aláàánú. "Pè wá."

"Ẹni tó dàgbà jù kò tíì jẹun," Gek Suan wí, kò sì pe ẹnikẹ́ni.

Ìyá Jia Rong ló kọ́kọ́ ki igi ìjẹun bọ abọ́. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Bàbá Gek Suan wo ọmọ rẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì jẹun. Ọmọ kò pè wọ́n, ọ̀nà ọ̀fun wọn sì là síbẹ̀síbẹ̀. Núdù inú abọ́ karùn-ún mu omi ara rẹ̀, ó wú, ó sì lẹ̀ mọ́ra.

Nígbà tí wọ́n ń jẹun tán lọ, kẹ̀kẹ́ abọ́ dé. Ọ̀gbẹ́ni Selvam ń wò láti ìdí òpó, bóyá ni kì í ṣe nítorí ìyẹn ni arúgbó náà ṣe wá. Ó kó abọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Jia Rong sún tirẹ̀ sí i, kó lè rọrùn fún un láti mú. Nígbà tí arúgbó náà dé orí abọ́ karùn-ún, ó wò ó: ọbẹ̀ lọ́tọ̀, kò sí ewé àlùbọ́sà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ẹ ò jẹ èyí?"

"Ẹni tó ni ín kò wá, mà," Gek Suan dáhùn.

Ìyá àgbà da núdù náà sínú garawa.

Ọkùnrin kan tó gbé tíréè lọ́wọ́ ti ń yí gbọ̀ngàn náà ká láti ìgbà pípẹ́. Ó dúró lẹ́yìn àga karùn-ún, ó wo tíṣù náà, ó sì fẹ́ kọjá lọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ òfin.

"Ẹ dúró," Ìyá àgbà wí fún un.

Ó mú àpò tíṣù náà, ó fi lé Gek Suan lọ́wọ́, ó fi àkísà nu orí àga náà lẹ́ẹ̀mejì, títí ó fi dán.

"Ẹ jókòó, ọ̀gá," ó wí. "Kò sí ẹnì kankan níbí."