Orúkọ Tí Wọ́n Fún Bàbá Chérifou

"Ehuzu!" ni délégué Imorou, olórí àdúgbò, ké níbi ìpàdé.

"Dandan!" ni àwọn ará àdúgbò fi dá igbe Ìyípadà ìjọba náà lóhùn. Latifatou, ìyàwó Kassimou, jókòó sẹ́yìn gbogbo wọn.

"Ẹ̀yin kàmáráàdì, Ìyípadà wa ò gba ọ̀lẹ. Gbogbo iṣu oko Kassimou ọ̀tatẹ́tẹ́ ló bá káàdì lọ. Tó bá fi lè padà wálé, iwájú wa níbí ló máa dúró sí, kí àwọn ọmọdé rí i."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ojú ti Latifatou. Obìnrin kì í pe orúkọ ọkọ rẹ̀ ní Tchaourou, orúkọ ọmọ wọn, Bàbá Chérifou, ló fi ń pè é, áḿbọ̀sì kó sọ ọ́ lórúkọ burúkú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àká ṣófo, òun gan-an ló dúró láàárín agbo ilé, tó pariwo "ọ̀tatẹ́tẹ́" lé e lórí. Àwọn ọmọdé fi kọrin. Kó tó di ọjọ́ mélòó kan, Kassimou ti kẹ́rù lọ sí oko ní Kika. Òjò ọdún kan ti rọ̀ tán lẹ́yìn ìgbà náà, àárò rẹ̀ kò yéé sọ ọ́. Títí di àná, iyán ẹni tí kò sí nílé ló ṣì ń gún mọ́ tirẹ̀.

Ó dìde, ó fi ọ̀wọ̀ bá délégué sọ̀rọ̀. "Tonton Imorou, ẹ jọ̀ọ́. Bí ibà bá mú èèyàn, ṣé Ibà lẹ máa ń pè é? Bàbá Chérifou kì í ṣe ọ̀lẹ. Tẹ́tẹ́ ló ṣe é léṣe. Bí ẹ bá dójú tì í, kò ní wá mọ́. Èmi sì fẹ́ kó wá."

"Ìyàwó wa, ta ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀? Ẹyin lohùn, ó ti bọ́."

"Ó ti bọ́ lóòótọ́, tonton. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tún máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

Imorou họrí, ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ ro.

Lọ́jọ́ kejì, Latifatou wọ ọkọ̀ lọ sí Kika. Ó bá Kassimou láàárín ebè, ó ti rù.

"Ẹ kú oko, Bàbá Chérifou."

Kassimou kò sọ ọkọ́ kalẹ̀. "Bí wọ́n bá rán ọ wá, sọ fún wọn pé mo tún ta tẹ́tẹ́ lọ́jọ́ ọjà."

Ó wá ń wojú rẹ̀, ó ń retí ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ náà sì dé orí ahọ́n Latifatou, ká má purọ́, nítorí inú bí i. Ó gbé e mì.

"Ìgbà wo ló máa ń ṣòro jù fún yín?"

Kassimou wá sọ ọkọ́ kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi í bẹ́ẹ̀ rí.

"Tí ilẹ̀ bá ń ṣú," ló wí nígbẹ̀yìn. "Tí iṣẹ́ bá tán, tí n kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀."

Latifatou wo oko náà yíká.

"Màá ránṣẹ́ kí wọ́n mú Chérifou wá," ló wí. "Níbo lẹ ń dáná sí?"