Ọwọ́ Òsì Tàsnímù

"Ta ló de ọmọ mi?"

Mànsúrà ò tíì bọ́ bàtà. Ẹnu ọ̀nà pálọ̀ ló dúró sí, ó gbé ọ̀rá kókò, ẹ̀kọ mímu tó rà bọ̀, dání, ó ń wo Tàsnímù lórí ẹní. Wọ́n ti fi àjákù ìborùn dúdú kan so ọwọ́ òsì ọmọ náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ta á ní kókó lẹ́yìn níbi tí kò ti lè tú u. Abọ́ wáákyé, ìrẹsì tí wọ́n fi ẹ̀wà sè, wà níwájú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ṣíbí mú gbágbá, ó ń bu ìrẹsì, ìrẹsì ń dà sí i lórí orúnkún. Ó ti sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Èmi ni mo dè é," Hajia Ràzíátù dáhùn. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni. Orí àga lábẹ́ fèrèsé ló jókòó sí, tẹ̀súbáà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì gbójú sókè. "Àbí ẹlòmíràn tún wà tó ń tọ́ ọmọ nínú ilé yìí?"

Kò sí ẹni tí kò mọ ilé náà ní Alabar, ní Kùmásì. Olóògbé ọkọ Hajia ló ti Ìlọrin wá síbẹ̀ tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní kéú, àwọn tó kọ́ sì ń wá kí opó rẹ̀ títí dòní. Bí àwọn obìnrin mìíràn ṣe ń ṣọ́ ẹ̀gbà ọrùn wọn ni Hajia ṣe ń ṣọ́ orúkọ ilé yìí. Tàsnímù ní tirẹ̀ kò mọ̀ pé ilé kankan lórúkọ. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Láìpẹ́ yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, tó ń wọ bàtà òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, tí kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu oúnjẹ sí i lẹ́nu mọ́. Tí o bá gbé ṣíbí sún mọ́ ọn, á tì í dànù, á ní, "Me ara." Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Àṣáńtì inú àgbàlá ló ti kọ́ ọ, èmi fúnra mi ló túmọ̀ sí. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo ohun tó bá ti fẹ́ ṣe fúnra rẹ̀, òsì ló fi ń ṣe é.

"Màmá, kí ló ṣe tó fi tó ìdè?"

"Ìyàwó Lémọ́mù wá kí mi láti Sawaba. Ọmọ rẹ mú dàbínù nínú àwo, ó fi òsì nà án sí i. Nígbà tí obìnrin yẹn ò gbà á, ó fi òsì kan náà jù ú sẹ́nu ara rẹ̀. Obìnrin yẹn wá wò mí lójú. Ó ní, ‘Hajia, ṣé ọmọ ilé àfáà nìyí?’ Ó kù díẹ̀ kí n bẹ ilẹ̀ kó lanu."

Mànsúrà gbé kókò kalẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́yìn ọmọ rẹ̀.

"Má tú u," ni Hajia wí.

Ó tú u. Ọrùn ọwọ́ ọmọ náà ti pọ́n yíká.

"Ọ̀tún lèmi náà ń kọ́ ọ kó fi jẹun, Màmá. Tó bá gbé e sí òsì, mo máa ń gbà á, mo máa ń gbé e sí ọ̀tún, mo máa ń ní kó ṣe bísímílà. Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ là ń dè."

"Ewúrẹ́ ni bàbá rẹ̀ nígbà náà, torí mo dè é. Ṣé ó kú? Ṣé kò di èèyàn? Wọn ò tíì bí ọ ní Ìlọrin nígbà tí mo ti ń tọ́ ọmọ ní Kùmásì." Hajia wá gbójú sókè báyìí. "Ṣọ́ọ̀bù rẹ ni o máa ń lọ láti àárọ̀. Èmi ni mò ń nu ìdí rẹ̀, èmi ni mò ń fún un lóúnjẹ. Tí bí mo ṣe ń wò ó ò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wò ó dáadáa."

Ibi tó ti mú Mànsúrà gan-an nìyẹn, Hajia sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iléyá ti sún mọ́lé, aṣọ tí àwọn oníbàárà ní kó rán kún ṣọ́ọ̀bù dé ẹnu ọ̀nà. Ìgbà kan tó gbé ọmọ náà dání lọ síbẹ̀, díẹ̀ ló kù kí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ gún ìka rẹ̀. Ó gbé Tàsnímù mọ́ra, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. 

Nígbà tí Ṣùháíbù ọkọ rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, tí ìyẹ̀fun pákó ṣì wà nínú irun rẹ̀, Mànsúrà rò fún un. Ó mú ọwọ́ ọmọ, ó fi ibi tó pọ́n hàn án. Ṣùháíbù wò ó fìrí, ó gbójú kúrò.

"Wọ́n de èmi náà. Kí ló ṣe mí?"

"Èmi ni mo máa mọ̀ ni? Ìwọ ni kó o sọ fún mi."

"Fi ìyá mi sílẹ̀, jọ̀ọ́. Ṣé torí ọ̀rọ̀ ọwọ́ lásán ni mi ò fi ní sinmi?"

Láti ọjọ́ náà, Mànsúrà ò tún bá aṣọ dúdú lára ọmọ mọ́ nígbà tó bá dé. Hajia ti ń tú u sílẹ̀ kí ó tó wọlé. Ṣùgbọ́n ojú ibi tó pọ́n ò kúrò, àwọn ará àgbàlá sì ń gbọ́ ẹkún ọmọ náà. Ama tó ń dáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló sọ fún un pé bó bá ti lọ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ni wọ́n ń so ọmọ náà, pé bí wọ́n ṣe so ó náà ló fi ń rìn kiri.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Ama ránṣẹ́ pè é. Tàsnímù ti mọ àtẹ̀gùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ sọ̀ fúnra rẹ̀, ara ògiri ló máa ń fi òsì dì mú. Lọ́jọ́ yìí, kò rí òsì lò. Àgbọ̀n ló fi balẹ̀. Nígbà tí Mànsúrà sáré dé, ẹ̀jẹ̀ ti dá, Hajia ń fi omi tútù nù ún.

"Ọmọdé ń ṣubú," ni Hajia wí.

 Mànsúrà pọn ọmọ rẹ̀, ó jáde sí títì, ó wọ ọkọ̀ Anloga Junction níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́.

Láti ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀dì àti ilẹ̀kùn ni wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ títì lọ rẹrẹ. Ariwo ẹ̀rọ tó ń la pákó ò jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti dé ṣẹ́ẹ̀dì ọkọ rẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù kan ló gbà yọ, ó sì rí Ṣùháíbù tó bẹ̀rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tuntun, òòlù wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀.

Ó fi ọ̀tún gbé ìṣó lélẹ̀, ó fi òsì gbá a, ìṣó wọlé. Ó tún gbé òmíràn. Kò tilẹ̀ wo ibi tí òòlù ń bọ́ sí. Mànsúrà dúró, ó ń wò ó. Láti ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, àwàdà ilé wọn ni pé kápẹ́ńtà ni ọkọ òun àmọ́ kò lè kan ìṣó. Tó bá fẹ́ so nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kọ́ nílé, àtàǹpàkò ara rẹ̀ ló máa ń gbá. Ọ̀tún ló máa ń lò nílé. Ohun tí Mànsúrà ti ń fi ṣe ẹ̀rín láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn.

"Benkum," Yaseer tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pè é, orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń pe ọlọ́wọ́ òsì. "Benkum, wo yere aba. Ìyàwó ẹ ti dé."

Ṣùháíbù yíjú. Lójú ẹsẹ̀ ló gbé òòlù sí ọ̀tún, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

"Kí lo wá ṣe níbí?"

"Mo gbé àgbọ̀n ọmọ rẹ wá fún ọ kó o wò ó." Ó yí ẹ̀yìn sí i. "Òsì lo fi ń ṣiṣẹ́."

"Ibi iṣẹ́ mi nìyí, Mànsúrà."

"Mo rí i bẹ́ẹ̀. Ṣé Màmá mọ̀?"

"Wọn kì í dé ibí."

"Ìwọ tó o ti bímọ, o ń sá wá sí Anloga kó o tó rí ọwọ́ ara rẹ lò. O wá ní kí ló ṣe ọ́."

Yaseer ti wá iṣẹ́ ṣe lápá ibòmíràn. Ojú Ṣùháíbù le bí pákó.

"Máa lọ sílé. Tó o bá tún wá dójú tì mí níbí, ohun tí ojú rẹ bá rí kó o fara mọ́ ọn."

"Ojú mi ti rí i," ni Mànsúrà wí, ó sì lọ. Nínú ọkọ̀, ó ń bínú sí i, ó ń bínú sí ara rẹ̀ fún ẹ̀rín tó ti ń rín, ọmọ sì ń sùn lẹ́yìn rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n jókòó yí àwo túwó ká. Ṣùháíbù fọ ọwọ́ ọ̀tún, ó ti òsì bọ abẹ́ itan, ó jókòó lé e. Bó ṣe máa ń jókòó jẹun nìyẹn. Ìwà ọmọ àfáà ni Mànsúrà ti ń pè é. Ó wò ó lónìí, ó yọwọ́ kúrò nínú àwo.

Tàsnímù dìde lórí ẹní. Wọ́n rò pé omi ló fẹ́ mu. Ìdí àga Hajia ló lọ, ó fa tìmùtìmù, ó yọ àjákù ìborùn dúdú náà lábẹ́ rẹ̀. Ó gbé e wá bá bàbá rẹ̀, ó sọ ọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Ó wá yí ẹ̀yìn sí i, ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́, ó dúró jẹ́ẹ́, ó ń retí kí wọ́n so ó kó tó jẹun.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Hajia. "Àlùhámúdùlílàhì. Ẹ ò rí i? Ó ti yé e. Fúnra rẹ̀ ló gbé e wá."

Fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gún Mànsúrà láyà.  Abẹ́ itan ọkọ rẹ̀ ló tẹjú mọ́, kò sì gbójú kúrò níbẹ̀ títí Ṣùháíbù fi mọ ohun tó ń wò.

 Ṣùháíbù fa ọwọ́ òsì rẹ̀ yọ. Ó fi mú aṣọ dúdú náà nílẹ̀, ó nà án kọjá lórí àwo oúnjẹ, ó gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ní Kùmásì àti ní Ìlọrin, èèyàn kì í fi òsì fún àgbà ní iyọ̀ lásán láìtọrọ àforíjì. Kò tọrọ àforíjì.

"Ṣùháíbù, ọwọ́ wo lo nà sí mi yẹn?"

"Òsì ni, Màmá. Òun ni mo fi ń ṣiṣẹ́ jẹun láti ọjọ́ tí mo ti kọ́ṣẹ́. Òun ni mo fi kan bẹ́ẹ̀dì tí ẹ ń sùn lé." Ó tọ́ka sí Tàsnímù. "Ẹ má dè é mọ́."

Hajia wo ọmọ rẹ̀, ó wo aṣọ, ó wo Mànsúrà.

"Ìwọ lo kọ́ ọ."

"Mi ò kọ́ ọ, Màmá."

"Láti ọ̀la lọ, kí ẹni tó bímọ máa wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ yìí ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹn kan nǹkan mi." Ó dìde, ó fi túwó rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Ó dáa, Màmá," ni Mànsúrà wí fún ilẹ̀kùn náà. Kò dunnú. Ṣọ́ọ̀bù ló ń rò: á ti ẹ̀rọ mọ́ ògiri, á tẹ́ ẹní sábẹ́ tábìlì tó ti ń gé aṣọ, á fi pákó dí iwájú rẹ̀. Aṣọ Iléyá kan á pẹ́ kó tó jáde. Kó pẹ́.

Ó fọ ọwọ́ Tàsnímù méjèèjì, ó gbé e jókòó síwájú àwo, ó fọwọ́ kan ọ̀tún rẹ̀ díẹ̀. "Bísímílà."

Ọmọ náà wo ilẹ̀kùn yàrá. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan. Kò gbé èyíkéyìí. Ó lanu, ó dúró kí wọ́n bu oúnjẹ sí i lẹ́nu, òun tó jẹ́ pé oṣù tó kọjá ló ń ti ṣíbí dànù.

Ṣùháíbù bu òkèlè, ó fẹ́ fi sí i lẹ́nu. Mànsúrà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fi í sílẹ̀," ó ní. "Ká dúró dè é kó mú un fúnra rẹ̀."

Wọ́n dúró. Túwó ń tutù.