Ẹni Tí A Rán Lọ Wádìí

Ìyá ìyàwó mi purọ́ fún wa. Ohun tí mo gbé sínú láti ìgbà tí ọmọ mi ti wà lọ́wọ́ nìyẹn.

Kí èmi Silas tó fẹ́ Ọlábísí, bàbá mi rán ẹ̀gbọ́n mi Akíntóyè, tí ó jẹ́ tíṣà, láti Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́ kó lọ wádìí ilé wọn wò, bí a ti máa ń ṣe. Ṣé kò sí wèrè níbẹ̀? Ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀? Ṣé kò sí àìsàn ẹ̀jẹ̀ fòníkú-fọ̀ladìde? Akíntóyè dé, ó ní ilé náà mọ́ tónítóní. A ṣègbéyàwó.

Bímbọ́lá ọmọ wa kò tíì rìn tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú. Ìyá Àkúrẹ́, bí a ti ń pe ìyá ìyàwó mi, wo ọmọ náà, ó bú sẹ́kún. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọwọ́ àbúrò òun ṣe wú kó tó kú.

Mo ní, “Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ?”

“Mo sọ fún ẹni tí ẹ rán wá.”

Akíntóyè fi Bíbélì búra pé wọn ò sọ nǹkan kan fún òun. Ọmọ ìyá mi ni. Ta ni kí n gbà gbọ́? Mo ní kí ìyá náà má tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́, kò sì tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí a bá gbé ọmọ lọ sí ọsibítù ní Àkúrẹ́ nìkan ló ń rí i, èmi á sì jókòó síta lábẹ́ igi títí yóò fi lọ. Dókítà kan ní tọkọtaya ló jọ gbé àìsàn náà wá, pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tèmi náà. Mo ní kó lọ fi ìyẹn kọ́ àwọn tó kàwé. Kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó purọ́.

Ọ̀kadà ni mo ń tún ṣe ní Oǹdó. Bímbọ́lá máa ń wá jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ike omi rẹ̀, nítorí òùngbẹ kò gbọdọ̀ gbẹ ẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ó na fóònù rẹ̀ sí mi.

“Bàbá mi, wọ́n ti ń wo irú àìsàn mi yìí sàn lókè òkun o! Wọ́n á fa mùdùnmúdùn inú egungun jáde, wọ́n á tún ibi tó ti bàjẹ́ láti inú oyún ṣe, wọ́n á dá a padà síni lára.”

“Bí ìgbà tí mo bá tú kàbúrétọ̀ ọ̀kadà, tí mo tún un ṣe, tí mo dá a padà?”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. “Kàbúrétọ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n tiwọn kì í jò lọ́jọ́ kejì bíi tiyín.”

“Ẹnu ẹ kò ṣàìsàn rárá.”

“Tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, èmi ni mo máa kọ́kọ́ tò.” Ó mu omi díẹ̀. “Tí wọ́n bá tún tèmi ṣe, ṣé ẹ máa jẹ́ kí Ìyá Àkúrẹ́ wá kí wa nílé?”

Mo mú sípánà, mo ń báṣẹ́ lọ.

Kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde ni Bímbọ́lá kú.

Òbí kì í mọ ibojì ọmọ. Akíntóyè ló bá wa tẹ̀lé e lọ. Èmi àti Ọlábísí jókòó sílé, ike omi náà wà lórí tábìlì, kò tíì mu ún tán. Ìgbà náà ni Ìyá Àkúrẹ́ yọ lójúde. Mo dìde, mo dí ẹnu ọ̀nà.

“Ẹ máa jẹ́wọ́ lónìí kí ẹ tó wọlé. Ká ní ẹ sọ òtítọ́ ni, ǹ bá má fẹ́ ọmọ yín, irú èyí ì bá má ṣẹlẹ̀ sí mi.”

Ọlábísí ò tilẹ̀ gbóhùn sókè. “Bàbá Bímbọ́lá, ṣé ká má ti bí i rárá lẹ ń wí?”

Mi ò yà kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Akíntóyè ti ibi ìsìnkú dé, ó dúró sẹ́yìn Ìyá, erùpẹ̀ pupa lẹ̀ mọ́ bàtà rẹ̀. Ìyá ò bojú wẹ̀yìn.

“Silas, mo ti darúgbó. Ọmọ mi ń sunkún nínú ilé, mo sì wà níta. Tó bá jẹ́ kí n ní mo purọ́ lo ń fẹ́ kí o tó jẹ́ kí n wọlé, ó dára. Mo purọ́. Yà fún mi.”

“Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Mà!” Akíntóyè ti kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, àgbà bíi tirẹ̀. “Silas, Ìyá sọ fún mi. Ẹ̀yìnkùlé wọn la jókòó sí, wọ́n dárúkọ àbúrò wọn, wọ́n ní kí n má fi pamọ́ fún yín. Mo dé, mo bá ọ lẹ́nu ọ̀nà tí o ń retí mi. O ti ní bí kì í bá ṣe Ọlábísí, o ò ní fẹ́ ẹnikẹ́ni láyé. Mo sì mọ̀ ọ́. Mo rò pé Ọlọ́run á bá wa bò ó.”

Ó fi ọwọ́ tó fi bu erùpẹ̀ sórí ọmọ mi nu ojú.

“Wọ́n sọ fún mi. Èmi ni mo purọ́.”