Bí Ẹyẹ Yẹn Bá Sọ̀rọ̀

Tí wọ́n bá tún bi mí ńkọ́... Bàbá Onílé á bi mí. Wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn, wọ́n á wo òkè, wọ́n á wo ilẹ̀, wọ́n á ní, "Sìlífátù, ẹyẹ tí o fẹ́ kó wá sínú ilé mi yìí, kí ló máa ń wí?" Kí ni màá sọ? Lánàá tí mo kúnlẹ̀ níwájú wọn lábẹ́ igi ọsàn, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò tilẹ̀ wojú mi. "Ṣé ó máa ń sọ̀rọ̀?" Mo ní, "Ó máa ń súfèé, Bàbá." Irọ́ kọ́. Ó ń súfèé lóòótọ́. Mo kàn dákẹ́ síbẹ̀ ni... "Ó dáa. Tí mo bá kírun Àsárì tán lọ́la, màá wá wo ibi tí o fẹ́ gbé e kọ́. Ìgbà yẹn ni màá tó mọ èyí tí màá wí."

Ọ̀la ọ̀hún ló ti di òní yìí. Oòrùn ti kọjá àárín ọ̀run. Mi ò tíì mọ ibi tí màá gbé e kọ́.

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé — rárá. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé láti ojú títì Ìkòròdú, tòun ti eruku. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ń kọjá, gbogbo pákó fèrèsé ló máa ń gbọ̀n. Mísísì tí mò ń bá ṣiṣẹ́, tó ni àwọn ẹyẹ náà, ní atẹ́gùn kò gbọdọ̀ máa fẹ́ sí wọn lára. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn — ológbò. Ológbò Ìyá Sẹ̀kínátù kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ògiri tó wà lápá ilé ìdáná ńkọ́? Èéfín. Mísísì ní èéfín lásán lè pa wọ́n kí n tó mọ̀ rárá pé ó rẹ̀ wọ́n. Yàrá kan ṣoṣo la gbà nínú ilé yìí, mo sì ti wò ó yíká... ó ku orí ibùsùn. Òkè ibùsùn wa gan-an. Kí ẹyẹ wà lókè orí wa, kí ilẹ̀ mọ́, kó la ẹnu, kó sọ ohun tó máa ń sọ...

Má rò ó. Wá nǹkan ṣe.

Mo ń ṣa jéró. Gàmbàrí kan ní Agége ni mo rà á lọ́wọ́ ẹ̀, òkúta pọ̀ nínú ẹ̀. Mo fẹ́ ẹ, mo tún un fẹ́, mo ń fọwọ́ yọ òkúta. Ẹyẹ méjèèjì ò lè jẹ gbogbo èyí tán. Wọn ò ju ohun téèyàn lè pa ọwọ́ dé lọ. Bọ́jì ni Mísísì ń pè wọ́n. Wọ́n jọ odídẹ, àfi pé wọ́n kéré, ìrù wọn sì gùn. Ọ̀kan dà bí ewé tútù. Èkejì dà bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú ìkòkò aró. Aláwọ̀ aró yẹn ló ń sọ̀rọ̀. Òun ni. Èkejì ò sọ nǹkan kan rí, ì bá ṣe pé òun nìkan ni...

Fàráńdà ẹ̀yìn ilé Mísísì ní Ìkẹjà ni wọ́n gbé wọn kọ́ sí, níbi tí mo ti ń lọ aṣọ ará ilé náà. Ní báyìí Mísísì àti ọkọ rẹ̀ ń padà sílùú òyìnbó pátápátá. Wọn ò lè gbé ẹyẹ wọ ọkọ̀ ojú omi. Mísísì ní òun á fi wọ́n fún ọ̀rẹ́ òun kan ní Àpápá. Ẹnu mi sì là. Ṣé èmi ni mo là á ni? "Ẹ fún mi, Mà." Mísísì wò mí, inú rẹ̀ dùn, ó ní láàárọ̀ ọ̀la dírẹ́bà á gbé wọn wá bá mi dé Kétu. Ta ló rán mi? Èmi tí mò ń gbé inú ilé onílé. Èmi tí mo mọ irú ojú tí wọ́n fi ń wò mí létí kànga.

Ìyá Sẹ̀kínátù ni ìyáálé Bàbá Onílé. Ohun tó bá sọ nínú ilé yìí, òun náà ni Bàbá máa ń padà sọ. Nígbà tí mo lọ fa omi láàárọ̀ yìí, kò bá mi sọ̀rọ̀. Garawa rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ẹyẹ tí kì í ṣe adìẹ, tí kì í ṣe ẹyẹlé, kí ni obìnrin tó ń wá ọmọ fẹ́ fi ṣe nínú yàrá?" Gbogbo àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ ń fa omi wọn lọ. Okùn kànga nìkan ló ń dún. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ohun tí wọ́n ń rò. Ṣùgbọ́n mo rí i lójú wọn, mo rí bí aboyún àárín wọn ṣe fa ìró rẹ̀ bo ikùn. Mo gbé omi mi, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Wọ́n dá mi lóhùn. Wọ́n dáhùn dáadáa, ohùn wọn ò le. Ìyẹn ló tiẹ̀ bà mí lẹ́rù jù.

Torí báyìí náà ni wọ́n ṣe ṣe fún obìnrin alálùbọ́sà tó wà nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ wa. Òwìwí kan ló bà lé orí páànù yàrá rẹ̀, ó ké, ó sì fò lọ. Kì í ṣe òun ló pè é. Kò tilẹ̀ jí. Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó mú, ẹrù rẹ̀ ti wà níta. Wọn ò nà án, wọn ò bú u. Bàbá Onílé rọra sọ fún un pé, "Wá ibòmíì, ọmọ mi, kí ọkàn gbogbo wa lè balẹ̀." Ó ká ẹní rẹ̀, ó gbé e rù, ó gba ọ̀nà Ọjọ́ta lọ. Ẹyẹ tó kàn bà lórí òrùlé lásán nìyẹn o. Èmi wá fẹ́ fọwọ́ ara mi gbé tèmi kọ́. Ẹyẹ tó ń sọ̀rọ̀ èèyàn. Ẹyẹ tó ń fi ohùn mi...

Abọ́dúnrìn ò bẹ̀rù. Àbí ó ń bẹ̀rù, kò kàn sọ ni? Ọkọ mi kì í sọ. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ gba ẹyẹ, ó ní, "Ó dáa." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ra irin ìkọ́ bọ̀ lọ́nà ibi iṣẹ́. Òun ló wà lẹ́yìnkùlé yìí, tó ń fá pákó tí a ó kàn mọ́ àjà, mò ń gbọ́ ọ: ṣẹ̀rẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀rẹ̀. Ó ń fá a bí ẹni tó ń ṣe ibùsùn ọmọ...

Dìde níbẹ̀ yẹn. Aṣọ ló kù.

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, mo gbọ́dọ̀ da aṣọ bo ilé onírin wọn kí wọ́n lè sùn. Aṣọ tó fúyẹ́, tí kò ní jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ àtùpà wọlé. Mo ṣí àpótí. Ìró àlòkù yìí — ó ti wúwo jù. Èyí — mo ṣì ń ró o lọ ibi iṣẹ́. Mo ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, mò ń fọwọ́ wá a...

Ọ̀já.

Mo mọ̀ ọ́n kí n tó fà á jáde. Ìyá mi ló hun ún ránṣẹ́ sí mi. Bí ìyá mi ṣe ká a náà ló ṣì ṣe wà. Kò tíì di ẹnikẹ́ni mọ́ ẹ̀yìn mi.

Nígbà náà, ó ku ọjọ́ méjì ká kó ọmọ jáde. Wọ́n ti fa àgbò wálé. Ọmọ jí láàárọ̀, ó mu ọyàn díẹ̀, ó fi ọyàn sílẹ̀, ó ń wò mí... mo rò pé ó ń wò mí ni. Ìyá ọkọ mi gbà á lọ́wọ́ mi. "Kò tíì lórúkọ, Sìlífátù. Má sunkún ẹ̀ síta." Wọ́n wé e, wọ́n gbé e gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Wọn ò fẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n gbé e sí. Abọ́dúnrìn jókòó tì mí lórí ẹní, ó fọwọ́ bo ojú. "Má jẹ́ ká sọ ọ́ mọ́." Òjò ti rọ̀, ó ti dá, ó ti tún rọ̀. A ò sọ ọ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n ó lórúkọ. Àtìgbà tó ti wà nínú mi ni mo ti sọ ọ́. Olúrántí. Mi ò wí fún ẹnì kan. Mo ń dúró de ọjọ́ ìkómọ kí n tó pè é síta.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, èmi àti áyọ́ọ̀nù eléèédú àti àwọn ẹyẹ yẹn nìkan la máa ń wà ní fàráńdà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fọ àwo omi wọn, mo gbé e padà, aláwọ̀ aró yẹn fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí, mo bá ní, "Rántí, ṣé o jí ire?" Mi ò mọ ìgbà tó jáde. Àyà mi kàn fúyẹ́. Mo tún sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Mo ń sọ ọ́ lárààárọ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kí ọmọ tó wà lórí ẹní. Àfi ìgbà tí mo dé lọ́jọ́ kan, tí mi ò tíì la ẹnu, tí mo gbọ́ ọ:

"Rántí, ṣé o jí ire?"

Ohùn mi. Ohùn mi gan-an, tó kéré, bí ẹni pé mo wà nínú ìgò. Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mísísì sáré jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́. Ó rò pé mo ń kọ́ ẹyẹ ní ìkíni Yorùbá ni. Ó rò pé orúkọ ẹyẹ ni. Láti ọjọ́ yẹn, òun náà ń pè é ní Rántí, á dúró síwájú ilé onírin, á máa ju ìka sí i. Mo jẹ́ kó máa pè é bẹ́ẹ̀.

Ohun tó máa ń wí nìyẹn, Bàbá. Ohun tó máa ń wí nìyẹn.

Ládàánì ti ń pe ìrun. Bàbá á kírun, wọ́n á dìde, wọ́n á wá. Ká tiẹ̀ ní wọ́n gbà lónìí. Ilẹ̀ ọ̀túnla á mọ́, ohùn mi á jáde láti yàrá yìí nígbà tí gbogbo ilé mọ̀ pé mo wà létí kànga. Ìyá Sẹ̀kínátù á sọ garawa kalẹ̀. "Ta ni Rántí?" Kò sí Rántí nínú ilé yìí. Wọ́n á rò ó títí, wọ́n á rántí àgbò tí a fà wálé tí a ò pa. Wọ́n á ní mo fi ọmọ mi sínú ẹyẹ. Ẹní á dé orí mi, ọ̀nà Ọjọ́ta á gbà mí. Àti Abọ́dúnrìn... Abọ́dúnrìn á dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn yìí, á gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́nu ẹyẹ.

Rárá. Kí ni mò ń ṣe? Ó rọrùn. Bí dírẹ́bà bá dé, kí n sọ fún un pé onílé kọ̀. Kó máa gbé wọn lọ Àpápá. Ó parí. Bàbá á sinmi, Ìyá Sẹ̀kínátù á sinmi, èmi náà á...

Kí ló dé tí mo wá di ọ̀já yìí mú báyìí?

Àpápá. Ilé tí mi ò mọ̀. Òyìnbó ni wọ́n á máa sọ sí i níbẹ̀. Mísísì sọ nǹkan kan lọ́sẹ̀ yẹn, ó gbé ọwọ́ lé orí ilé onírin: "Tí wọ́n bá dé ibi tuntun, nígbà mìíràn wọn kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n máa ń gbàgbé." Mo rẹ́rìn-ín sí i nígbà yẹn. Báyìí, tí mo rò ó, ẹ̀rù bà mí. Nítorí Bàbá kọ́. Ẹ jẹ́ kí n rò ó dáadáa... Ká ní Bàbá gbà. Ká ní gbogbo ilé gbà, wọ́n sì wá ń bá mi fún un lóúnjẹ. Kó wà lókè ibùsùn yìí, kó jẹ jéró, kó súfèé. Kó má sì sọ ọ́ mọ́.

Ó tutù láyà mi bí omi kànga.

Nígbà náà, kò ní sí ẹni tó ń pe ọmọ mi láyé yìí mọ́.

Ìyẹn ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn látàárọ̀, mo sì ń ti gbogbo ẹ̀ sí Ìyá Sẹ̀kínátù lọ́rùn. Ìdí tí ẹnu mi fi là níwájú Mísísì nìyẹn. Mo gbé orúkọ ọmọ mi fún ẹyẹ kó máa bá mi pè é, torí kò sẹ́ni tó lè ní kí ẹyẹ dákẹ́. Èmi tí mo bí i, mi ò tíì pè é níbi tí etí èèyàn wà rí.

Mo jókòó sórí ibùsùn. Ọ̀já wà lórí ẹsẹ̀ mi. Ó yẹ kí n lè pè é. Kò ju orúkọ lọ. Mo la ẹnu, mo pa á dé, mo tún gbìyànjú.

"Olúrántí."

Ohùn mi nìyí, bó ṣe tóbi tó. Mo tún un pè. "Olúrántí, ọmọ Abọ́dúnrìn."

Pákó fífá dákẹ́ lẹ́yìnkùlé. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, èérún igi kún ọwọ́ rẹ̀. Ó rí ọ̀já. Mo mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n.

"Ta lò ń pè?"

Lójúde, Bàbá Onílé ń wúkọ́ bọ̀ láti ìdí igi ọsàn. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Mo sún díẹ̀ lórí ibùsùn kí àyè lè wà fún un.

"Ẹ wá jókòó," mo wí fún ọkọ mi. "Ọmọ wa lórúkọ."